Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Òwe yìí ni ó yẹ kí a fi dá àwọn kan lóhùn, àwọn tí wọ́n bá rí ọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀dà mẹ́jọ àwo orin kan ṣoṣo nínú ilé rẹ̀, tí wọ́n sì wí pé orí onítọ̀hún kò pé. Wọn a ní, "Àwo kan náà ni! Olórin kan náà ni! Orin kan náà ni! Kí ni o fẹ́ fi mẹ́jọ ṣe?" Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ onísùúrù, yóò rẹ́rìn-ín, bí kò bá ní sùúrù, yóò pa ilẹ̀kùn dé. Èmi kò ní rẹ́rìn-ín, n kò sì ní pa ilẹ̀kùn dé. Mo fẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ náà títí dé ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn náà kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni èrò pé orin inú àwo kò ní ìtàn, pé ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ bá gbé fún wa ni kí a gbà, kí a má sì béèrè ibi tí ó ti wá.

Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ni ó ní irú àwọn ọmọlẹ́yìn báyìí jù lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi. N óò sì máa pe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní akáwojọ, kí orúkọ má baà di ìjà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ṣe àwo. Nígbà tí olórin bá kọrin tán nínú sítúdíò, orí téèpù ni ohùn rẹ̀ wà. Ẹnì kan yóò jókòó ti téèpù náà, yóò da àwọn ohùn inú rẹ̀ pọ̀: yóò ní kí ìlù lọ sókè díẹ̀, kí gìtá rẹlẹ̀, kí ohùn olórin wá síwájú. Ẹlòmíràn yóò gba ohun tí a ti dà pọ̀ yìí, yóò fi abẹ́rẹ́ mímú fín in sára àwo rírọ̀ kan. Àwo rírọ̀ náà ni a ó fi irin bò, tí a ó sì ṣí irin náà kúrò. Baba ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irin yìí. Lára baba ni a ti ń bí ìyá, lára ìyá ni a sì ti ń bí òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ ni ó ń tẹ àwo tí ó dé ọwọ́ tèmi tìrẹ. Òǹtẹ̀ a máa gbó. Bí ó bá gbó, wọn a bí òmíràn. Bí ìyá bá sì gbó, wọn a padà sí ọ̀dọ̀ baba. Bí baba pàápàá bá bàjẹ́, ó di dandan kí wọ́n tún orin náà fín láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ yóò sì bọ́ sí, bóyá téèpù ọ̀tọ̀ ni yóò lò. Bí a bá wá fẹ́ tẹ àwo kan náà ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì tàbí ní Japan, ẹ̀dà téèpù ni a sábà máa ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀dà kò sì lè mọ́ tó ohun tí a ti dà á kọ.

Ta ni ó wá lè sọ pé ọmọ tí a bí láti inú ìdílé tí ó gùn tó báyìí, ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ agbẹ̀bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo? Ní ilé-iṣẹ́ EMI tí ó wà ní Hayes, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwo àwọn Beatles, lẹ́tà mẹ́wàá, GRAMOPHLTD, ni wọ́n fi ń ka òǹtẹ̀. G dúró fún 1, R fún 2, A fún 3, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ títí ó fi dé D tí ó dúró fún òfo. Ẹni tí ó bá gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, tí ó wo ibi dídán tí ó yí bébà àárín rẹ̀ ká, yóò rí lẹ́tà wọ̀nyí. Bí ó bá bá R àti M níbẹ̀, òǹtẹ̀ kẹrìnlélógún ni. Àwọn tí wọ́n ṣe àwo náà gan-an mọ̀ pé ẹ̀dà yàtọ̀ sí ẹ̀dà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára. Àwa tí a kò ṣe é ni a ń bú ẹni tí ó ka ohun tí wọ́n kọ.

Olùfisùn lè sọ pé ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, pé orin ni òun ń sọ. Ó dára, orin náà ni kí a sọ. Ní oṣù Kẹjọ 1966, àwọn Beatles gbé àwo tí wọ́n pè ní *Revolver* jáde. Orin 14 ni ó wà lórí ẹ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Capitol tí ó ń tà á ní Amẹ́ríkà fi 11 péré sórí tirẹ̀, nítorí pé ó ti yọ mẹ́ta sórí àwo mìíràn tí ó tà ṣáájú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó yọ, John Lennon ni ó ń lé orin nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún Lennon lórí ẹ̀dà Amẹ́ríkà kò ju méjì lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ra àwo náà lọ́dún náà lè búra pé Lennon ti di ọ̀lẹ, pé Paul McCartney ni ó ń gbé ẹgbẹ́ náà lórí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ra ti ilé rẹ̀ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì pe àwo wọn ní *Revolver*; àwọn méjèèjì kò gbọ́ ohun kan náà. Ìjà tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá jà lórí ẹni tí ó mọ orin jù, akáwojọ nìkan ni ó lè là á, nítorí òun nìkan ni ó ní ẹ̀dà méjèèjì.

Kò tán síbẹ̀. Lára ẹ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, èyí tí a ṣe fún ẹ̀rọ mónò, tí gbogbo ohùn ń ti ojú kan jáde, àwọn kan wà tí wọ́n tẹ̀ kí ọwọ́ tó yí padà. George Martin, ẹni tí ó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, pa ìpinnu rẹ̀ dà lórí orin tí ó parí àwo náà, "Tomorrow Never Knows", ó sì ní kí wọ́n fi ìdàpọ̀ ohùn mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n ti fín. Ìwọ̀nba tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú bọ́ sí ọjà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn ń gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ orin náà kò gbọ́ rí. Bí a bá gbé *Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band* ti 1967 sórí ẹ̀rọ, "She's Leaving Home" yára, ó sì ga lóhùn lórí ẹ̀dà mónò ju ti sítẹ́rìò lọ. Lórí àwo funfun wọn ti 1968, ẹ̀dà sítẹ́rìò "Helter Skelter" parí pẹ̀lú igbe Ringo Starr pé ìlù ti ba ìka ọwọ́ òun jẹ́. Ẹ̀dà mónò ti parí kí igbe náà tó dé. Ìyá ìbejì kì í pe Táyé ní Kẹ́yìndé. Àlejò tí ó bá ń ṣì wọ́n pè, kí ó má ṣe bú ìyá wọn pé ó ń da ara rẹ̀ láàmú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kí ó rántí Èkó ní 1973. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Paul McCartney àti Linda ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Denny Laine, wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI tí ó wà ní Apápá. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì gba téèpù tí ó kọ àwọn orin náà sí ní ìpìlẹ̀. Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà kó, McCartney sì ní láti mú iṣẹ́ rẹ̀ fún un gbọ́ kí ó lè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo tí ó ti inú gbogbo wàhálà yìí jáde ni *Band on the Run*, ó sì jáde ní oṣù Kejìlá 1973. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà lórí ẹ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́wàá ni ó wà lórí ti Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n fi "Helen Wheels" kún un níbẹ̀. Èkó ni wọ́n ti gba "Helen Wheels" sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ní Èkó, tí ó sì gbé ẹ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan síwájú, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, kò sì ní mọ̀ pé òun fi nǹkan sílẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹ̀dà kejì kì í ṣe ẹrù àṣejù?

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù nínú ẹ̀sùn yìí ni pé àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sọ ọ́ sí ẹlòmíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá lọ bá àwọn babaláwo, ó gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú *Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá*. Gbogbo ẹni tí ó bá ti súnmọ́ Ifá mọ̀ pé ẹsẹ kan náà lè gba ọ̀nà méjì lẹ́nu babaláwo méjì, pé ohun tí a fi kún un ní ìlú kan, a lè má bá a ní ìlú kejì. Ta ni ó bú àwọn tí ń gba oríkì ìlú kan náà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó mẹ́ta? Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó fi oyè dá wọn lọ́lá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó fi *King Lear* ti 1608 wé ti 1623, wọ́n sì kọ ìwé ńláńlá lórí ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Fágúnwà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní 1938, nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* kọ́kọ́ jáde, yóò wá ìwé 1938 náà kiri, kò ní sọ pé èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti tó. Ìmọ̀ ni a ń pe èyí. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a ń fi wéra bá ti jẹ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí, ìmọ̀ a di wèrè. Mo bèèrè pé kí ni ìdí? Bí orin bá lè yí ọkàn àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn padà, a jẹ́ pé ó tó ohun tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí. Bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, kí àwọn olùfisùn yé máa sọ fún wa pé orin náà ni ó tọ́ àwọn dàgbà.

Ìdí kejì wà tí iṣẹ́ akáwojọ fi ṣe pàtàkì, òun ni ó sì wúwo jù. Ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó máa ń fẹ́ ní ìtàn pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà 1966, Capitol tẹ páálí fún àwo àwọn Beatles kan tí ó ń jẹ́ *Yesterday and Today*. Àwòrán tí ó wà lórí rẹ̀ fi wọ́n hàn nínú aṣọ alápatà, ẹran tútù àti ọmọláńgidi tí a gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ wà ní ara wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i figbe ta, ilé-iṣẹ́ náà sì pe àwo náà padà. Ṣé wọ́n sun páálí náà? Wọn kò sun gbogbo rẹ̀. Wọ́n lẹ àwòrán jẹ́jẹ́ kan bo púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dá wọn padà sí ọjà. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi sùúrù ṣí bébà òkè náà kúrò kí wọ́n lè rí ohun tí a bò mọ́lẹ̀. Ní 1963, Columbia ti ń tẹ *The Freewheelin' Bob Dylan* kí wọ́n tó yọ orin mẹ́rin kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn rọ́pò. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n yọ ń fi ẹgbẹ́ John Birch ṣe yẹ̀yẹ́, orin tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS kọ̀ pé Dylan kò gbọdọ̀ kọ ní gbangba ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, tí òun náà sì fi ibinu kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó ń jẹ́rìí pé àwo náà ti wà ní ọ̀nà mìíràn rí. Kò sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tí ó pa ẹ̀rí wọ̀nyí mọ́ fún wa. Àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè ni ó pa wọ́n mọ́.

Bébà kékeré tí ó wà láàárín àwo pàápàá ń sọ̀rọ̀. Lórí àkọ́tẹ̀ *Please Please Me* ti 1963, orúkọ Dick James ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn orin tí Lennon àti McCartney kọ. Lórí àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Northern Songs ni. Láàárín oṣù díẹ̀, nínú ọdún kan náà, a rí bí ohun ìní àwọn ọmọkùnrin méjì ṣe ń ti inú àpò kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tí ó bá sọ pé àwo kan náà ni, kò ka bébà náà.

Wọ́n tún ń sọ pé ohun gbogbo ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kò sí ohun tí a ń fi àwo ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí ó dẹ́rù ba ènìyàn. Ní 2016, Kanye West ń pààrọ̀ àwọn orin inú *The Life of Pablo* lẹ́yìn tí ó ti gbé e jáde fún aráyé. Ní 2022, Lizzo àti Beyoncé pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú orin wọn nítorí pé ó bí àwọn abirùn nínú. N kò sọ pé wọ́n ṣe ohun tí kò dára. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó lajú lọ́jọ́ kejì kò bá èyí tí ó gbọ́ lánàá mọ́, kò sì ní ohun tí ó lè fi hàn pé ó ti wà. Ẹni tí ó bá lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ fún rere lè pààrọ̀ rẹ̀ fún ibi. Àwo tí ó wà nínú ilé mi, kò sí ọba tí ó lè rán ẹmẹ̀wà wá tún un fín lóru.

Ẹ má sì gbàgbé iná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2008, iná jó ọgbà ilé-iṣẹ́ Universal ní Hollywood. Ó di oṣù Kẹfà 2019 kí ìwé ìròyìn *The New York Times* tó sọ fún aráyé pé ògidì téèpù orin púpọ̀ bá iná náà lọ. Universal jiyàn lórí iye wọn, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí èyí tí ó jó. Nígbà tí ògidì téèpù bá ti di eérú, níbo ni a ó ti gbọ́ ohun tí ó wà lórí rẹ̀? Àkọ́tẹ̀ tí ẹnì kan fi aṣọ mímọ́ nù tí ó sì tọ́jú sínú àpótí ni ó lè jẹ́ èyí tí ó súnmọ́ ọn jù. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí a bú ni a ó máa bẹ̀.

Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ń kó àwo jọ ni ó yẹ kí a yìn. Ọ̀bàyéjẹ́ wà nínú agbo náà, àwọn ni ó sì ń fún olùfisùn ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ra àwo tí kò ṣí ọ̀rá ara rẹ̀ rí, tí kò sì ní ṣí i láéláé, tí ó ń retí kí owó rẹ̀ gòkè, oníṣòwò ni. Kí ó máa ṣe òwò rẹ̀ lọ, kí ó má pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ orin. Ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n ta ẹ̀dà àwo funfun Beatles tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ 0000001 ní gbàǹjo, Ringo Starr ni ó ni ín, dọ́là 790,000 ni wọ́n sì rà á. Nọ́ńbà ni wọ́n rà, kì í ṣe ohùn. Èyí kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ra ìlù gángan tí ó sì gbé e kọ́ ara ògiri láti máa fi yangàn fún àlejò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ pàápàá ti rí i pé ìfẹ́ akáwojọ jẹ́ oko tí a lè kórè. Ní 2022, wọ́n tà *Midnights* ti Taylor Swift nínú páálí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn wọn sì ń para pọ̀ di aago kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ aago náà lè ra àwo mẹ́rin. Ní oṣù Kẹta 2024, Billie Eilish bẹnu àtẹ́ lu irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ẹ̀dà mẹ́jọ ni àwo tirẹ̀ fi jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àlòkù ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ara balẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀dà *Revolver* méjì jẹ́ ìyàtọ̀ tí ìṣẹ̀lẹ̀ bí: ẹnì kan pa ìpinnu dà, ẹnì kan gé orin kúrò, ẹnì kan bẹ̀rù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwo aláwọ̀ ewé àti àwo aláwọ̀ àlùkò tí a tẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan náà, ọjà ni ó bí i. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun kan fún wa. Ti èkejì kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ju "ẹ mú owó wá" lọ. Akáwojọ tí kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ láìgba owó oṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé owó gọbọi ń ra òtítọ́. Ilé-iṣẹ́ Mobile Fidelity ti Amẹ́ríkà ń ta àwo olówó iyebíye fún àwọn tí etí wọn mú, àwọn tí wọ́n gbàgbọ́ pé tààrà láti orí ògidì téèpù ni a ti ń fín in. Ní oṣù Keje 2022 ni àṣírí tú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọjá. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, àdéhùn tí ó parí ẹjọ́ náà ní 2023 sì tó dọ́là mílíọ̀nù 25. Àwọn alátakò fi àwọn oníbàárà náà ṣe ẹlẹ́yà pé etí wọn kò mú tó bí wọ́n ti rò. Èmi rí ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀. Ta ni ó tú àṣírí náà? Ilé-iṣẹ́ kò fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Oníṣọ̀ọ̀bù àwo kan àti àwọn akáwojọ bíi tirẹ̀ ni wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ó fi fèsì. Ìbéèrè tí olùfisùn ń pè ní wèrè ni ó mú kí òtítọ́ jáde.

Ẹ̀sùn kan ṣẹ́kù, àwọn ọmọ wa ni ó sì sábà máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú àwo òyìnbó? Mo ti sọ ti Apápá. Ṣùgbọ́n n óò gba ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn, n óò sì yí ojú rẹ̀ padà sí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ti òyìnbó ni kò kàn yín, níbo ni àwo tiwa wà? Àkọ́tẹ̀ Haruna Ishola tí bàbá yín ń gbọ́ lójoojúmọ́, ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí àwọn ọmọ ogun sun ilé Fẹlá ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, fíìmù tí ó ń ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀ wà lára ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀; ẹni mélòó nínú wa ni ó ti jókòó láti fi àwo Fẹlá tí a tẹ̀ ní Èkó wé èyí tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Paris? Àwọn àlejò ni ó wá ṣe é. Soundway ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Analog Africa ti Jámánì ń wá àwo àtijọ́ ilẹ̀ wa àti ti Benin àti Togo kiri, wọ́n sì ń tún wọn tẹ̀ jáde, a sì ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà wọ́n padà. N kò bú wọn. Bí wọn kò bá wá, òmíràn nínú orin náà ì bá ti kú. Ìtìjú náà kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó ju wúrà sí ààtàn kò lè pe ẹni tí ó ṣà á ní olè.

Bí ọmọ kan ní Liverpool bá lè sọ òǹtẹ̀ tí a fi tẹ àwo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò sì lè sọ ọdún tí a gba ohùn Haruna Ishola sílẹ̀, kì í ṣe pé orí ti ọ̀hún dà rú. Ó mọ iyì ohun tí ó ní ni. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ akáwojọ òyìnbó fún wa nìyí, ẹ̀kọ́ náà kò sì béèrè kí a fẹ́ràn gìtá oníná.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ akáwojọ kò pọ̀. Kí ó máa gbọ́ àwo rẹ̀, kí ó má sọ ọ́ di òrìṣà inú àpótí. Kí ó kọ ohun tí ó bá rí lára rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà tí ó wà níbi dídán àárín rẹ̀, orin tí ó wà níbẹ̀ tí kò sí lórí èkejì, nítorí pé ìmọ̀ tí ó wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo, inú sàréè ni ó ń lọ. Kí ó jẹ́ kí ẹni tí ń ṣe ìwádìí gbọ́ ọ. Kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà, ibi tí wọn yóò gbé àwo náà lọ bí kò bá sí mọ́, yálà ilé ìkàwé ni tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ó mọ iyì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe mẹ́rin yìí, kí ó ra ẹ̀dà mẹ́jọ, kí ó ra méjìlá bí agbára rẹ̀ bá ká a. Ẹlẹ́rìí ni ó ń kó jọ.

Sí olùfisùn, ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Àpótí àwo tí ó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá rẹ, tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ti ń wí pé ẹ óò gbé jù sí ẹ̀yìn ilé nítorí ekuru, ẹ gbé e jáde sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé e jù. Ẹ wo àárín àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a tún pàdé, kí ẹ wá sọ fún mi pé àwo kan náà ni gbogbo wọn.